Ẹja Tí Kò Rí Iná

Galway, Ireland
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú atẹ́gùn ọ̀sà. Mo kí Bísọ́lá, ọmọ àbúrò yín, tó máa ń ya fọ́tò ìwé yín ránṣẹ́ sí mi láti Àgbádárìgì, tó sì ń tẹ tèmi jáde fún yín láì ka ìkankan, mo sì kí gbogbo ará Topo. Ara mi le, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu mi, òtútù ibí náà ti ń dẹwọ́.

Ẹ gé fóònù mọ́ mi létí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ní mò ń pariwo lé yín lórí. Màmá, bí ikọ́ bá ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu, tí ẹni náà sì ń sọ pé kò sóhun tó ṣe òun, kí ló kù tí ọmọ rẹ̀ máa ṣe ju kó pariwo lọ? Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ẹ ò lè gé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wẹ ara mi mọ́. Bísọ́lá ní ẹ ti ń sọ ọ́ kiri pé iṣẹ́ kí n máa bó èèyàn láwọ̀ ni mo rí níbí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni mò ń ṣe. Àwọn òyìnbó tó funfun báláú ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, tí wọ́n ń sanwó kí n fọ́n oje kan sí wọn lára kí wọ́n lè pọ́n rúsúrúsú bí ẹni tó ti ń gbé létí òkun. Àwọn tiwa ń wá ìpara tó máa bó wọn, àwọn yìí ń wá oje tó máa pọ́n wọn. Kò sẹ́ni tí àwọ̀ rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn.

Kì í sì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Mo gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, a ó fi òwú dí ihò imú rẹ̀, a ó fi ìbojú bo ẹyinjú, a ó fi fasilíìnì ra ètè, torí oje náà ò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu, kò gbọ́dọ̀ wọ ojú, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ fà á símú. Èmi náà á wọ ìbòmú, fáànù ńlá á máa fa èéfín oje náà jáde. Oṣù yìí ni ọmọ àwọn Àgùdà ibí ń gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́, ìyá kan sì ní ká fọ́n ọmọ òun obìnrin, ọmọ kékeré tí eyín iwájú ò tíì hù tán. Ọ̀gá mi ní àwọn kì í fọ́n ọmọdé. Ìyá náà bú wa títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rín máa pa yín, Màmá. Wọ́n á wọlé bí ọ̀bọ̀kún tútù, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti dà bí èyí tí ẹ̀yin yan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tí dókítà sọ. Ẹ kúrò nídìí èéfín. Mo ti bá Zinsu, atukọ̀ tó tún ń ṣe bíríkìlà, sọ̀rọ̀ pé kó mọ ààrò tó ní ihò èéfín lórí fún yín, ó ní ẹ lé òun.

Ọmọ yín,
Sewanu

·

Topo
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Karùn-ún, 2024

Sewanu, vi ṣie, ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ. Mo rí ìwé rẹ. Ó gùn ju ìwé tí bíṣọ́ọ̀bù máa ń kọ sí ìjọ lọ, òfin tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti bíṣọ́ọ̀bù. Ṣé o ń jẹun dáadáa ṣá? Nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, egungun ọrùn rẹ ni mo kọ́kọ́ rí.

Mo gé fóònù, mi ò sẹ́. Èmi ni mo bí ọ, ìwọ kọ́ lo bí mi.

Nítorí náà òyìnbó ń sanwó kí wọ́n lè pọ́n! Mo kà á sókè nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń sọdá sí Àgbádárìgì, Zinsu tó ń tukọ̀ rẹ́rìn-ín tó fi gbàgbé àjẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá bá òun tukọ̀ lọ́sàn-án gangan, òun á pọ́n wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

O ní kí n kúrò nídìí èéfín. Kí n lọ sídìí kí ni? Ìyá mi yan ẹja, èmi náà yan ẹja, òun ni mo fi rán ọ nílé ìwé tó o fi mọ ìwé tó ò ń kọ bú mi. Ẹja ò dúró de dókítà. Bó bá ti kúrò lómi, ó di iná tàbí ó di ìdin, kò sí ìkẹta. Ààrò Zinsu yẹn, mi ò fẹ́ ẹ. Ó ní òun á mọ ọ́n ga bí pósí tí wọ́n gbé nàró. Ta ló fẹ́ yan ẹja nínú pósí?

Ikọ́ mi kò burú tó bẹ́ẹ̀. Bísọ́lá ló máa ń sọ àsọdùn fún ọ.

Nítorí Bísọ́lá náà ni mo ṣe fẹ́ bi ọ́. Ìpara ti jẹ ọrùn rẹ̀ di àwọ̀ méjì, ó dà bí ẹni tó yá orí ẹlòmíràn gbé. Ó fẹ́ tẹ̀lé ìyàwó ní Àjàrá lóṣù Keje. Oje yín yẹn, kí ni wọ́n fi ń ṣe é? Ṣé ó ń rùn? Fi ìgò kan ránṣẹ́ fún un. Kó má kéré.

Ìyá rẹ ni

·

Galway
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Mo gbọ́ pé òjò ti ń ya ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Adékọ́lá tí ilé wọn wà ní Ibereko ń bọ̀ wálé, mo ti kó ìgò kan àti ẹ̀rọ ìfọ́n kékeré fún un. Kì í ṣe ọ̀dà. Inú nǹkan bíi ṣúgà ni wọ́n ti ń rí i. Ó máa ń bá awọ òkè pátápátá ṣe pọ̀ ni, tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́ awọ náà á ti pọ́n. Kì í wọra, kì í sì í pẹ́. Bí awọ tó ti kú bá ṣe ń bọ́ lára, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún Bísọ́lá, ẹ má fò ó. Kó kọ́kọ́ fọ́n díẹ̀ sẹ́yìn etí, kó sì dúró di ọjọ́ kejì, bóyá á yún un. Ìta gbangba ni kó ti fọ́n ọn, kó dí imú, kó pa ẹnu dé. Òfin gbogbo Yúróòpù ò gbà kí èròjà tó ń mú awọ pọ́n nínú rẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, torí náà kó má lọ ra èyí tí ẹnikẹ́ni pò ní kọ̀rọ̀ kún un.

Ẹ má sọ pé àsọdùn ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan láti ọ́fíìsì ààbò ibi iṣẹ́ wá bẹ̀ wá wò. Fáànù wa ti bàjẹ́, ọ̀gá mi sì ń sọ pé ọ̀la, ọ̀la. Obìnrin náà ti yàrá yẹn pa, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọ́n nǹkan kan níbẹ̀ títí fáànù á fi ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi bínú, àmọ́ ó tún un ṣe.

Ọmọbìnrin kan wà tó rò pé bí òun ṣe pọ́n yẹn, oòrùn ò lè rí òun gbé ṣe mọ́. Ó lọ sùn sétí òkun. Ẹ̀yìn rẹ̀ bó bí iṣu sísun. Mo sọ fún un pé àwọ̀ lásán ni a fún un, a ò fún un ní agbára kankan. Ó ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́, kò gbọ́ ni. Ó jọ yín.

Sewanu

·

Topo
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 2024

Sewanu,

Ẹrù dé láyọ̀. O ṣeun. Ọlọ́run á fi ọmọ tó gbọ́ràn san án fún ọ.

Oje náà dára púpọ̀. Fi méjì sí i ránṣẹ́, kí ìgò rẹ̀ tóbi.

Inú rẹ á dùn láti gbọ́ pé mo ti ń dín èéfín kù. Ikọ́ náà ti ń lọ. Mo sùn mọ́jú, mi ò dìde jókòó rárá. Ṣé o rí i pé mo ń gbọ́ tìrẹ?

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí a bá bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ṣé àwọ̀ náà máa ń ṣí?

Ìyá rẹ

·

Galway
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Keje, 2024

Màmá,

Ta ni ẹ fẹ́ bọ̀ nínú omi gbígbóná?

Bísọ́lá fi fọ́tò ìgbéyàwó Àjàrá ránṣẹ́ sí mi. Ọrùn rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ méjì. Mo bi í pé oje dà? Ó ní oje wo? Mo ní èyí tí Màmá gbà fún ọ. Ó wá ní, “Ààntí, ẹ bi Màmá fúnra wọn o. Ẹja wọn ò ní òórùn èéfín mọ́, ó sì ń dán gbinrin.”

Mo jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi rò pé èèyàn wa kan ló kú.

Màmá, ẹ sọ fún mi pé irọ́ ni. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ má tà á! Ara èèyàn ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún, ó ní lọ́fínńdà nínú, ó ní èròjà tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Mò ń fi fasilíìnì dí ètè òyìnbó kí ó má bàa kàn wọ́n lẹ́nu, ẹ̀yin ń fọ́n ọn sórí ohun tí èèyàn máa jẹ! Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Inú ẹja yẹn ò gbẹ. Òjò oṣù Keje nìyí, oòrùn wo lẹ fẹ́ fi sá a? Ẹ fún un láwọ̀ ẹja yíyan, ẹ ò yan án. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí mi pé iná tàbí ìdin, kò sí ìkẹta.

Ẹ fèsì kíá.

Sewanu

·

Galway
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹjọ, 2024

Màmá,

Ẹ ò fèsì. Mo pè, ẹ ò gbé e. Bísọ́lá ní òun fún yín ní ìwé mi lọ́wọ́, ẹ kà á tán, ẹ fi dí ojú fèrèsé.

Ẹ bú mi, ó sàn ju èyí lọ.

Sewanu

·

Topo
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹjọ, 2024

Sewanu,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò kí mi nínú ìwé rẹ méjèèjì. Bóyá àwọn òyìnbó ti fọ́n ìyẹn náà kúrò lára rẹ.

Òótọ́ ni. Mo fọ́n ẹja. Ṣé mo jalè?

Ìwọ lo kọ ọ́ pé nǹkan bíi ṣúgà ni. Ìwọ lo kọ ọ́ pé wọ́n ń wọlé bí ọ̀bọ̀kún tútù, wọ́n ń jáde bí èyí tí mo yan. Mo ka ìwé yẹn nídìí ààrò, èèpo àgbọn ń rú èéfín sí mi lójú, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ní, Olúwa, ọmọ mi ti rí ọ̀nà, kò kàn mọ̀ ni. Mo sá ẹja sórí àwọ̀n, mo fún un ní iná díẹ̀ láàárọ̀, mo fọ́n ọn, mo tún un sá. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó ti pọ́n gbogbo ara dọ́gba, kò sí ibi tó jóná. Ìyáàfin Olúbùkọ́lá, olùkọ́ ará Èkìtì tó máa ń wá láti Otto ra ẹja lọ́wọ́ mi, gbé e yẹ̀ wò, ó ní, “Ìyá Sewanu, ọwọ́ yín tún ti já fáfá sí i o!” Ó ra gbogbo rẹ̀.

O ní mi ò yan án. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n yan, wá yan án. Obìnrin kan wá, ó ti yàrá yín pa, ó ní kí wọ́n tún fáànù ṣe. Ó dára. Ta ló wá sí Topo rí, kó wo àtíbàbà mi, kó ní èéfín yìí pọ̀ jù fún ìyá arúgbó yìí? Gbogbo yín kàn mọ bí ẹ ṣe ń sọ pé kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi iná ńlá sílẹ̀ ni mo ti ń sùn bí èèyàn. Mo tún ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sewanu. Mo gbé orin, mo sì bá a dé òpin. Ìwọ fẹ́ kí n dá a padà.

Adékọ́lá ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Mo ti di ẹja fún un. Jẹ ẹ́ ná kó o tó máa kọ́ mi ní ẹja.

Ìyá tó bí ọ

·

Galway
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́. Mo kí yín dáadáa, kó má di pé mi ò kí yín. Inú mi dùn pé ẹ tún ń kọrin. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, kí n má purọ́.

Adékọ́lá gbé ẹja dé. Mo kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mi ò fẹ́ tú u. Inú ń bí mi. Mo ní bí mo bá rí i tó ń dán, mo máa gbé e sọnù, mo máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín nínú ààtàn.

Mo wá tú u. Màmá, gbogbo ilé gba òórùn èèpo àgbọn. Obìnrin tó ń gbé lókè wá kanlẹ̀kùn pé ṣé nǹkan ń jóná ni. Ẹja náà dúdú, ó gbẹ táútáú, ìrù rẹ̀ jóná díẹ̀ bí tàtijọ́. Mo fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ gbẹ dé egungun. Iná ló yan án, iná gidi, ọjọ́ tó pọ̀. Èéfín wo lẹ fà símú kí ẹ tó yan gbogbo èyí?

Mi ò ní pariwo. Mi ò ní òfin kankan tí mo fẹ́ kà fún yín lónìí. Kò sí òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ wá ti àtíbàbà yín pa, òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní.

Bí oje yẹn bá dára fún ẹnu èèyàn, kí ló dé tí ẹ fi iná yan tèmi?

Sewanu

·

Topo
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, 2024

Sewanu, vi ṣie,

Mo kí ọ. Má bínú pé mo pẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo máa kọ ni. Mo fi ìwé rẹ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo gbé e lọ sínú ọkọ̀, mo gbé e padà.

O bi mí pé kí ló dé. Mo to ẹja tìrẹ sórí àwọ̀n pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo gbé ẹ̀rọ ìfọ́n náà. Ẹnu rẹ ló wá sí mi lójú, bó o ṣe máa ń ya orí ẹja tí o fi ń fa ọpọlọ rẹ̀ mu nígbà tó o wà ní kékeré, tí mò ń nà ọ́ lọ́wọ́ pé ó tó. Mo gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Mo kó tìrẹ sọ́tọ̀, mo lọ dáná. Nígbà tí mo parí, mo padà wá fọ́n tàwọn yòókù. Mo sì bínú sí ọ ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń sọ fún ara mi pé o ò mọ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ti mọ̀ tipẹ́, ẹnu mi ni kò gbà.

Mo wọkọ̀ lọ sí Otto lọ bá Ìyáàfin Olúbùkọ́lá. Ó ti pẹ́ tó ti wá ra ẹja. Mo di èyí tí mo fi iná yan dání. Ó gbà mí tayọ̀tayọ̀, ó fún mi ní àga. Ó ní òun bá ìdin nínú ẹja yẹn, òun sì rò pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì ni, òun ò fẹ́ dójú tì mí, ìdí tí òun fi rọra lọ ń rà níbòmíràn nìyẹn. Àánú mi ló ń ṣe é, Sewanu. Ó ní ọmọ òun kékeré, Ìtùnúolúwa, ti ṣe inú rírun lásìkò yẹn débi pé wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, ó ti gbádùn báyìí, àwọn dókítà ní bóyá omi ni.

Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo sọ fún un pé ojú mi ríran dáadáa.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó dìde, ó gbé ẹja tí mo mú wá, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ máa lọ, Ìyá Sewanu.” Mo gbé e sọ́wọ́ títí mo fi dé etí omi. Èmi tí wọ́n ń fi orúkọ mi polówó ẹja ẹlẹ́ja lọ́jà Àgbédé!

Mo da ìyókù oje náà sínú ihò, mo bò ó. Mo sọ fún gbogbo àwọn tó rà lára rẹ̀ tí mo rántí. Àwọn kan bú mi, àwọn kan rẹ́rìn-ín, Zinsu ní òun ti jẹ tòun, òun ò sì tíì pọ́n. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ààrò oníhò yẹn. Ọ̀lẹ ni, á pẹ́. Bó ṣe ń mọ ọ́n, mo ní kí n máa fi èyí tó wà nílẹ̀ yan, torí ọ̀bọ̀kún ò dúró de bíríkìlà. Òwú tí ẹ fi ń dí imú òyìnbó yẹn àti ìbòmú, kó wọn ránṣẹ́, kó o sì rí i pé o ń fi tìrẹ sí imú.

Láti ọjọ́ tí mo ti dé láti Otto, gbogbo ẹja tí mo bá tò sórí iná, ẹnu rẹ ni mo ń rí.

Ikọ́ ti padà o. Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ pariwo. Má pè mí lórí fóònù. Bí o bá fẹ́ pariwo, wálé wá pariwo.

Ìyá rẹ